Lẹ́tà sí Ìyá Aláró, lórí aṣọ yẹ́lò kan

Ìyá mi,

Aṣọ ẹbí ìsìnkú yín dé lọ́jọ́ Ajé. Léèsì ni, yáàdì 5. Mo tú ọ̀rá rẹ̀, mo sì jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Yẹ́lò ni àwọn ọmọ yín mú.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa aṣọ, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ ní wọn kì í ra aṣọ lábẹ́ iná gílóòbù. Kí n gbé e jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí n fi sábẹ́ àgbọ̀n, kí n má wo aṣọ, ojú ni kí n wò. Bí ojú bá tàn, aṣọ bá ni mu nìyẹn. Bí ó bá rí bí ojú ẹni tí kò sùn, kí n dá a padà fún aláṣọ. Ẹ ní ẹni kúkurú bíi tèmi kò gbọdọ̀ wọ àǹkárá tí òdòdó rẹ̀ fẹ̀ tó àwo, oníṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni kí n máa rà. Ẹ ní kí télọ̀ gé ọrùn bùbá mi sísàlẹ̀ díẹ̀, torí ọrùn mi kò gùn. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rán an.

Mo ṣì ń gbọ́ òórùn ẹ̀yìnkùlé yín n'Ítòkú, l'Ábẹ́òkúta, òórùn ewé ẹ̀lú tó ti kẹ̀ nínú omi eérú. Ẹ ó fa àdìrẹ jáde nínú ìkòkò, á kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, a ó dúró máa wò ó bí atẹ́gùn ṣe ń sọ ọ́ di aró lójú wa. Ẹ ó tún rì í bọ inú aró. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, títí á fi dú tí á máa dán. Ẹ ó wá fi ọwọ́ tó ti di aró dé ìgúnpá pa á lára, ẹ ó ní, "Adúmáadán mi."

Aṣọ lẹ pè bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣé ẹ rántí àǹkárá yẹ́lò tí bàbá mi rà fún mi nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, ní 1991? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yàn án. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi níwájú àwọn oníbàárà, ẹ fi sí mi lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní, "Àjọkẹ́, o ti dú jù fún èyí." Ẹ ká a, ẹ fún ọmọ yín, torí pé òun pupa. Inú ilé lẹ ti fi sí mi lọ́rùn. Inú ilé, Ìyá! Ẹ ò tilẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, n kò ra yẹ́lò rí. Mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta, mo sin bàbá mi, búráùn àti aró ni mo ń wọ̀. Nígbà tí àìsàn dá yín gúnlẹ̀, èmi ni mo ń wẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ yìí a máa dé ètè mi, mo sì ń gbé e mì, torí ara yín ò le.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo gbé léèsì náà jáde sójú oòrùn, mo mú dígí dání. Ojú mi tàn. Ó tàn débi pé mo bú sẹ́kún.

Àbígbẹ̀yìn mi ti pé ọdún 16. Àwọ̀ mi ló mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìpara tí wọ́n fi ń bóra nínú báàgì rẹ̀, lábẹ́ ìwé. Oríkèé ìka rẹ̀ ṣì dúdú, ọrùn rẹ̀ ti ń pupa lábala lábala. Mo sọ fún un bí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ṣe ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí yóò ṣòroó rán bí ọgbẹ́ bá débẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màmi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n dá gáùn róòsì yẹn padà lọ́jà. Ẹ ní mo ti dú jù."

Òótọ́ ni, Ìyá. Mo sọ ọ́. Lábẹ́ iná, níwájú aláṣọ. Ohùn yín gan-an ló jáde lẹ́nu mi.

Bàbá rẹ̀ ti rìnrìn àjò, owó ilé-ìwé ti tó san, oorun kò sì kun ojú mi mọ́.

Mo ti ya yáàdì méjì sọ́tọ̀ nínú léèsì náà fún bùbá ọmọ mi, tèmi kò ní ní ìpèlé. Láàárọ̀ yìí, mo pè é wá sẹ́nu ọ̀nà, mo fi aṣọ náà sí i lábẹ́ àgbọ̀n, mo gbé dígí lé e lọ́wọ́. Ó dúró fún mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ọjọ́ Ẹtì la ó sin yín, kò sì tíì sọ fún mi bóyá òun á wọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ yín