Àdùkẹ́, má jẹ́ kí ìwé ọpẹ́ yín dà bí ìwé ọ́fíìsì

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìforítì. Mo gbọ́ pé wọ́n ti tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹ̀yà Kurd tí ẹ ń kọ̀wé nítorí wọn sílẹ̀ ní Tọ́kì, àti pé ìwọ ni ẹgbẹ́ yín ní Lọ́ńdọ̀nù ní kó kọ ìwé ọpẹ́ sí àwọn alátìlẹ́yìn. Orí mi wú.

O ò tíì dáyé nígbà tí Leyla Zana, obìnrin Kurd tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin Tọ́kì, lọ búra níbẹ̀ ní Ankara, olú ìlú wọn, ní 1991. Ó so ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé, pupa àti ìyeyè, àwọ̀ àwọn Kurd, mọ́rí. Ó ka ìbúra tán ní èdè Tọ́kì, ó wá fi èdè Kurd sọ gbólóhùn kan pé kí Tọ́kì àti Kurd lè jẹ́ ọmọ ìyá ni òun ṣe búra. Ariwo sọ, torí wọn kò fàyè gba èdè Kurd níbẹ̀. Ní 1994, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún òun àti aṣòfin mẹ́ta mìíràn. Ilé Aṣòfin Yúróòpù fún un ní ẹ̀bùn Sakharov, ẹ̀bùn àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní 1995. Inú ẹ̀wọ̀n ló wà. Oṣù kẹfà 2004 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Wo iye ọdún tó wà láàárín! Nígbà tí ìròyìn ṣì gbóná, ta ni kì í kọ̀wé? Ẹni tó ṣì ń ra sítáǹpù ní ọdún keje, tí èsì kankan kò dé, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an: ẹni tó kọ àdírẹ́sì sára àpòòwé, ẹni tó dúró nínú òtútù níwájú ẹ́ńbásì.

Nígbà tí ìjọba Abacha ti Beko Ransome-Kuti mọ́lé ní 1995, àwọn tí kò dé Èkó rí kọ̀wé nítorí rẹ̀ títí ó fi jáde ní 1998. N kò mọ ọ̀kan nínú wọn tí mo lè kí. Ó ń dùn mí.

Má kọ ọ́ pé ìwé yín ló ṣílẹ̀kùn o. Àwọn tó jẹ ìyà ẹ̀wọ̀n ló ni ìfaradà náà. Kẹ́ ẹ tó gbé orúkọ tàbí fọ́tò ẹnikẹ́ni jáde, ẹ bi í. Ewu ṣì lè wà fún ẹni tó ti jáde: ní 2008, ilé ẹjọ́ tún dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún Leyla nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Tí ẹ bá sì ní ẹ̀bẹ̀ nítorí àwọn tó ṣì wà lẹ́wọ̀n, kó wà nínú ìwé mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ọpẹ́ dá dúró.

Fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kó tó jáde. Ìyá rẹ fẹ́ kà á pẹ̀lú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ