Ẹ Má Fún Orúkọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Pa ní Ìparí Fíìmù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo máa ń ka ojú ìwé yín tó wà fún àwọn òṣèré, mo sì ń gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí a kì í rí lójú agbo ni mo bá wá lónìí. Ẹ́dítọ̀ fídíò ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Láti ọdún 1998 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì VHS dé ayé VCD, títí dé fáìlì tí a ń gbé sórí YouTube.

Nígbà òjò èṣí, ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé fóònù lọ́wọ́. Iṣẹ́ iná ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ń bá àwọn tó ń ya fíìmù ṣe nígbà ayé rẹ̀. Ìrántí ọdún mẹ́wàá bàbá náà ti ń bọ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ kí àwòrán ibi tí orúkọ rẹ̀ ti jáde nínú fíìmù wà nínú ìwé ìrántí. Ìyá ti rí fíìmù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti sún un dé ìparí, ó sì ti dá a dúró níbi tó mọ̀ pé orúkọ ọkọ òun ti ń kọjá. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú mi ni àbí fóònù yìí?"

Mo gbà á, mo wò ó. Kì í ṣe ojú ìyá. Àbàwọ́n funfun mẹ́ta ni mo rí, bí ìgbà tí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹfun lára ògiri. Etí lẹ́tà ti ya jákujàku bí eyín òòyà, àwọn ẹ̀kán kéékèèké aláwọ̀ eérú sì bò wọ́n bí kantíkantí ṣe ń bo ẹnu kèrègbè ẹmu.

Mo bi í bóyá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nílé. Ó ní ó wà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e wá nínú ọ̀rá dúdú, èébu ti hù sí etí téèpù. Odidi ọ̀sán ni mo fi nù ún, tí mo ń yí i síwá sẹ́yìn, kí n tó gbà á wọ ẹ̀rọ. Nígbà tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo dá a dúró. Orúkọ bàbá wà níbẹ̀ ketekete. Ìyá na ìka, ó fi tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lójú tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì pe ọkọ rẹ̀ ní Àkànní lẹ́ẹ̀mejì. N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Olóòtú, téèpù tó ti lé ní ogún ọdún, tí ooru àti ọ̀rinrin ti bá jà, gbé orúkọ yẹn dúró. Fáìlì tuntun ló sọ ọ́ nù. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Kí a tó lè gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a gbọ́dọ̀ fún un pọ̀, ohun tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní encode. Kọ̀ǹpútà á gé àwòrán sí igun mẹ́rin kéékèèké, á sì ju ohun tó bá rò pé ojú kò ní fura sí nù. Sánmà, ewé igi, ara ògiri, gbogbo wọn lè gba èyí mọ́ra. Lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ dúdú kò lè gbà á. Etí lẹ́tà mú bí abẹ, bí bit, ìyẹn ẹyọ ìsọfúnni tí fáìlì fi ń ya àwòrán, kò bá sì tó láti fi ya etí yẹn, ìdọ̀tí ni yóò yí i ká. Bí lẹ́tà ọ̀hún bá tún ń rìn, ìyà rẹ̀ di méjì.

Àwa ẹ́dítọ̀ sì mọ̀ọ́mọ̀ dá kún un. Nígbà tí à ń ká fíìmù wákàtí méjì sínú CD kan tó jẹ́ 700 MB, àwòrán àti ohùn kò rí ju nǹkan bíi 780 kilobit (kilobit kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún bit) lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sọ́fítíwíà ìgbà náà ní àyè tí a ti máa ń sọ fún un pé láti ibí lọ, orúkọ ló kù, kó dín bit kù. Èmi náà ṣe é, léraléra. Wọ́n kọ́ wa pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ gidigidi, nítorí ẹ wo ohun tí a rí fi pamọ́: orúkọ ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 200 kilobit jẹ́ 4.5 MB, ní 1,000 kilobit ó jẹ́ 22.5 MB. MB 18 ni a tìtorí rẹ̀ pa orúkọ èèyàn rẹ́. Lónìí, fóònù á jẹ iye yẹn tán bó bá ya fídíò bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Ti eyín òòyà yẹn ní orísun tirẹ̀. Ìlànà fídíò tí wọ́n ń pè ní PAL ni kásẹ́ẹ̀tì wa: àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pín sí ìdajì méjì. Ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún wà nínú ìdajì kan. Ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà wà nínú èkejì. Ìdajì kejì máa ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ni, kí ó sì tó dé, orúkọ tó ń gòkè ti rìn díẹ̀. Bí a bá lẹ̀ wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní bá ara wọn mu. Ẹ lo yadif tàbí bwdif, irinṣẹ́ tó ń tún ìdajì méjèèjì ṣe nínú sọ́fítíwíà ffmpeg, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì jẹ́ kí ó mú àwòrán 50 jáde dípò 25. Ẹ ó rí i bí orúkọ yóò ṣe máa gòkè geere.

Lẹ́yìn èyí ni zones, àyè tí a fi ń sọ iye bit tí apá kan fíìmù yóò gbà. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lo x264, sọ́fítíwíà tó ń fún fídíò pọ̀, láìmọ̀ pé ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 28, tó parí ní ìṣẹ́jú 31, àwòrán 132,000 dé 136,500 nìyẹn. Ẹ kọ zones=132000,136500,b=2, yóò sì fún apá ibẹ̀ ní ìlọ́po méjì bit. Bí ẹ bá ti sọ àwòrán di 50, ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì náà di ìlọ́po méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, àárín fíìmù ni bit yóò lọ.

Ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù tuntun, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín nípa lẹ́tà pupa àti aláwọ̀ búlúù lórí dúdú. Nínú fídíò tí à ń gbé jáde, píksẹ́lì mẹ́rin, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ló ń pín àwọ̀ kan lò, nítorí náà pupa máa ń ṣàn kúrò nínú ìlà rẹ̀. Funfun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti àwòrán kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kí orúkọ máa sún ní iye píksẹ́lì tó pé, 4 ni o, kì í ṣe 3.7, kó má baà máa gbọ̀n. Ní àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lójú fídíò tí gíga rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1080, orúkọ kan yóò lo bíi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá kó tó kọjá tán, èèyàn á lè kà á. Kí lẹ́tà náà sì tóbi, torí àmì èdè wa ló kọ́kọ́ máa ń kú. Ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀ṣọ́ lè di Òṣó lójú ayé nítorí pé àmì abẹ́ lẹ́tà ti rá.

YouTube á tún fún ohunkóhun tí ẹ bá gbé lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí náà ẹ má gbé èyí tí ẹ ti fún tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ti kásẹ́ẹ̀tì, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí píksẹ́lì 1440 ní ìbú pẹ̀lú 1080 ní gíga kí ẹ tó gbé e. Mo ti dán an wò, orúkọ máa ń ṣe kedere ju bí a bá fi í sílẹ̀ kékeré.

Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ nìkan ni wọ́n gbà. Orúkọ yẹn ni ìyókù owó wọn. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì tó ń gbé fíìmù jáde, ẹ gbé e sórí fóònù tó kéré jù nínú ilé, ẹ sún un dé ìparí, kí ẹ sì dá a dúró níbi orúkọ ẹni tó se oúnjẹ. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ tún un ṣe.

Èmi ni,
Ẹ́dítọ̀ fídíò kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.