Àṣẹ ni Hymer ń wí, kì í ṣe òṣìṣẹ́ owó pọ́ọ́kú

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yín nípa Stephen Hymer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Kánádà, bóyá ó tilẹ̀ ṣí ìwé ọkùnrin náà wò. Ó ní Hymer sọ pé ibi tí òṣìṣẹ́ owó pọ́ọ́kú bá wà ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń sá lọ. Níbo ló ti rí i?

Nígbà tí Hymer parí ìwádìí rẹ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1960, èrò tó gbòde ni pé ibi tí èlé bá ti ga ni owó ìdókòwò ń ṣàn lọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò dúró. Bí owó ṣe ń jáde ní Amẹ́ríkà ni òmíràn ń wọlé, nínú iṣẹ́ kan náà nígbà mìíràn. Àwọn iléeṣẹ́ ọ̀hún sì tún ń yá owó níbi tí wọ́n lọ. Ta ni í wá èlé lọ sí ìdálẹ̀, tí yóò tún wá yáwó níbẹ̀? Àṣẹ lórí iléeṣẹ́ ìdálẹ̀ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè pa ìdíje.

Nígbà tó yá ló pín iṣẹ́ iléeṣẹ́ sí ipele mẹ́ta. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ lè wà níbikíbi. Àmójútó ẹ̀ka, ìlú ńlá ni. Ìpinnu, ìlú díẹ̀ bíi New York, London àti Tokyo. Àwọn aláṣẹ ìjọba tó ń gé ríbọ́ọ̀nù iléeṣẹ́ tuntun káàkiri, ipele ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbà lálejò, wọ́n á máa yọ̀ bí ẹni pé gbogbo àkàbà ló dé.

Ẹ wo iPhone 3G. Àwọn olùṣèwádìí Yuqing Xing àti Neal Detert ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2010: dọ́là 178.96 ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan. Mẹ́mọ́rì láti Toshiba, dọ́là 24. Títò ó pọ̀ ní Ṣáínà, dọ́là 6.50. Ẹ sọ owó ìtòpọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, kò tíì tó ti mẹ́mọ́rì. Síbẹ̀, gbogbo 178.96 ni ìwé aṣọ́bodè kà fún Ṣáínà. Bí owó òṣìṣẹ́ bá kéré tó báyìí nínú ìnáwó, ṣé owó pọ́ọ́kú lẹ ṣì ń wí? Àṣẹ ni!

Iye tí ẹ̀ka iléeṣẹ́ kan ń ta ọjà fún ẹ̀ka rẹ̀ mìíràn ni àṣẹ ọ̀hún ti ń ṣọṣẹ́ jù. Ká ní ẹ̀ka tó ń rán aṣọ ná 95 lórí ẹyọ kan. Olú-iléeṣẹ́ á ní kó tà á ní 100 fún ẹ̀ka tó wà níbi tí owó orí ti kéré. Ìyẹn á tà á ní 160 fún ẹ̀ka tó ní ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ náà kò dé ibi owó orí kékeré yẹn rí, ìwé owó lásán ló gba ibẹ̀ kọjá. Èrè 5 kù fún ìlú aránṣọ, 60 balẹ̀ síbi tí abẹ́rẹ́ kan kò sí.

Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ para pọ̀ kọjá ààlà, bí àpilẹ̀kọ yín ṣe dábàá, ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé tó yẹ ká bèèrè ti wà nílẹ̀. Látìgbà àdéhùn ọdún 2015 ti OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù nínú wọn lọ́rọ̀, ni iléeṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó mílíọ̀nù 750 yúrò ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: iye òṣìṣẹ́, iye ọjà tí wọ́n tà, èrè, owó orí tí wọ́n san. Ọ̀dọ̀ agbowó-orí ló ń lọ, abẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló ń sùn. Òfin Yúróòpù ti 2021 ní kí wọ́n tẹ díẹ̀ jáde, àmọ́ ó gbà kí wọ́n da ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pọ̀ sójú kan. Kí wọ́n tú u ká, kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ wá fi iye òṣìṣẹ́ pín èrè: ibi tí ènìyàn mẹ́wàá bá ti pa èrè ju ibi tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wà lọ, ibẹ̀ ni kí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀.

Òǹkàwé yín