Lẹ́tà sí James Prinsep: Ta ló ni ẹ̀bùn yìí?

Ọ̀gá Prinsep,

Abọ́ ike kan ló rán mi létí yín láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin òyìnbó tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ní Calcutta, tẹ́ ẹ sì tú Brahmi, lẹ́tà àtijọ́ India tí ẹnikẹ́ni ò lè kà mọ́. Abọ́ ìnáwó ni, irú èyí tí wọ́n máa ń pín nígbà tí àlejò bá ti jẹun tán. Fífọ̀ ti pa orúkọ ẹni tó pín in rẹ́. "Ẹ̀bùn láti ọwọ́" nìkan ló kù. Tiyín yàtọ̀ ní 1837: orúkọ kún ara òkúta Sanchi, ibi ìjọsìn àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní India, "ẹ̀bùn" gan-an ni ẹnikẹ́ni ò rí kà.

Captain Edward Smith ló bá yín da àwọn ọ̀rọ̀ náà kọ, tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Calcutta. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lára òpó tàbí ọ̀pá ọgbà òkúta. Níbi tí ẹ ti ń tò wọ́n fún títẹ̀ lẹ ti rí i pé lẹ́tà méjì kan náà ló ń parí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èkejì dà bí igi tó dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tótó kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ rò ó pé bí òpó kọ̀ọ̀kan bá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, á jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló dá owó rẹ̀. (Ẹni tó bá ti jókòó rí lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé kan sí lẹ́yìn ò ní bi yín ní ìdí.) Dānaṃ, ní èdè àtijọ́ ibẹ̀: ẹ̀bùn. Sa tó ṣáájú rẹ̀ ni "ti". Ẹ̀bùn Lágbájá, ẹ̀bùn Tàmẹ̀dù. Láti ibẹ̀ lẹ ti bọ́ sí òpó òkúta àtijọ́ Delhi, tí lẹ́tà kan náà wà lára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọba tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pe ọba Ceylon (Sri Lanka òde òní) kan, kí George Turnour, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ceylon, tó fi ìtàn àtijọ́ ibẹ̀ hàn yín pé Aṣoka, ọba India àtijọ́, ni.

Ohun tí mi ò yé rò ni tótó yẹn. Ẹ mọ bó ṣe ń sọnù. Tí èèyàn bá fi ojú lásán wo òkúta tó yà á, ohun tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ. Tó bá fi yíǹkì pa ojú òkúta, tó tẹ aṣọ lé e, lẹ́tà á jáde ní funfun, àmọ́ á kọ ẹ̀yìn síwájú. Bí yíǹkì bá sì pọ̀ díẹ̀, á ṣàn wọnú ihò, tótó á dí. Bébà tútù ló sàn jù: kí wọ́n kọ́kọ́ gbọn eruku inú lẹ́tà, kí wọ́n tẹ́ bébà rírọ̀ tí wọ́n ti rẹ sómi, kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí wọ́n má sì ṣí i títí á fi gbẹ. Ẹni tó bá kánjú, bébà á ya mọ́ ọn lọ́wọ́, tàbí kí lẹ́tà tó ti jìn tẹ́lẹ̀ padà pẹrẹsẹ. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ibi tí òkúta ti ṣá lè jọ tótó. Etí rẹ̀ lèèyàn á wò: ohun tí irin gbẹ́ máa ń dán létí, ohun tí òjò àti oòrùn jẹ máa ń rí ṣágiṣàgi.

Ojú yín ti mọ́ irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ owó. Rúpìì 1835, owó fàdákà India, ìwọ̀n grain 180 ni, 165 nínú rẹ̀ ni ojúlówó fàdákà; ẹni tó ń yẹ irú owó bẹ́ẹ̀ wò ò lè fojú di tótó. Inú ìwé ìròyìn kan náà, ti ẹgbẹ́ onímọ̀ Asiatic Society ní Calcutta, ni ọ̀rọ̀ èédú ilẹ̀, owó àtijọ́ láti Afghanistan àti egungun ẹran tó ti di òkúta ní òkè Siwalik ti ń pàdé. Ẹ̀yin lẹ ń dá wọn lóhùn, ẹ ò sì sinmi. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín, wọ́n gbé yín wọkọ̀ ojú omi ní 1838, ẹ kú ní London ní 1840, ẹni ogójì ọdún péré. Ṣé ẹlòmíì ò lè bá yín dáhùn lẹ́tà mẹ́wàá nínú wọn ni?

Inú ń bí mi sí yín díẹ̀ o. Kamalakanta, onímọ̀ Sanskrit, bá yín ka àkọlé. Ratna Paula tó gbọ́ Pali, èdè ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà, bá yín túmọ̀. Ẹ dárúkọ wọn, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Àmọ́ lónìí, bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà, ẹ̀yin nìkan ni. Ẹni tó fọ òkúta fún Smith ńkọ́? Ẹni tó di etí bébà mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ ńkọ́? Àwọn tó ń gbẹ́ eyín erin ní Vidisha, ìlú kan nítòsí Sanchi, gbẹ́ ara ẹnubodè Sanchi kan, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ni. Àwọn obìnrin tó ti fi ayé sílẹ̀ fún ẹ̀sìn Búdà ṣì ní orúkọ lára òpó. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé "ti ta ni?" ni gbogbo rẹ̀, òun ni orúkọ àwọn tó ṣe é wá ń sọnù nínú rẹ̀.

Ibí la wà náà. Òǹtẹ̀wé á ní kọ̀ǹpútà òun ò ní àmì abẹ́, á fi ọkọ́ ṣe oko, orúkọ tó bá ní ọ̀ṣọ́ nínú á wá dà bí ti oṣó. Bí èèyàn bá ṣàròyé, wọ́n á ní ṣebí ó ṣì yé wa. Ó yé àwa tó mọ onínàáwó.

Mo ti gbé abọ́ náà síbi fèrèsé, mo dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú rẹ̀ kọjá. Òjìji lẹ́tà kan ṣì wà lẹ́yìn "ọwọ́", ó rí roboto. Nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ àmì ọ, ó sì lè jẹ́ ibi tí kànìnkànìn ti họ ọ́. Mo ń wo etí rẹ̀.