Ta Ló Ń Ta Oorun Fún Yín?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mi ò ní kí yín tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, inú mi ò dùn rárá. Ọmọ àbúrò mi, ẹni ọdún 23, oníjó ni, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà bí mo ṣe ń tẹ èyí. Wọ́n ń múra ṣóò kan, rìhásà láti ìrọ̀lẹ́ títí dìdájí, ló bá ń lo oògùn kan kó má bàa sùn, tó bá wá délé tí oorun ò tún wá mọ́, á lo òmíì kó lè sùn. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló bá a nílẹ̀, èémí ẹ̀ ń já bí òwú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tọ́mọ yìí gbé láptọ́ọ̀pù wá sílé mi, tó ní "Màmá Àgbà, ẹ wá wo bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ o." This Is It ló fẹ́ ká wò, fíìmù tí wọ́n fi rìhásà Michael Jackson ṣe, èyí tó ń ṣe ní Los Angeles lọ́dún 2009 kó tó lọ ṣeré ní gbọ̀ngàn O2 ní London. Mo mọ Michael o. Nígbà tí Thriller gbòde, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa ń rìn sẹ́yìn lójú títì bíi pé ilẹ̀ ń yọ̀, bàtà wọn ń jẹ, ìyá wọn ń pariwo.

Fíìmù yẹn dùn, mi ò ní parọ́. Ẹni 50 ọdún ń bá àwọn ọmọ tó lè bí jó, tí jíìtà bá ṣì díẹ̀ báyìí á ti gbọ́, á sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ibì kan wà tórin gbé e lọ, tó wá ní kí wọ́n má jẹ́ kóun kọ ọ́ tagbára tagbára, òun ń tọ́jú ọ̀fun òun. Mo ní kọ́mọ dá fíìmù dúró. Ọ̀fun lò ń tọ́jú, ojú ńkọ́? Mo ní ọkùnrin yìí ò sùn. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, ohun tí fíìmù ò fi hàn yín ló wà ńbẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n bá dókítà Michael ṣe lọ́dún 2011 lórí ikú ẹ̀ ló tú u síta. Lálẹ́ June 19, 2009, Michael dé rìhásà, ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò já geere, Kenny Ortega tó ń darí ṣóò, òun náà ló darí fíìmù yẹn, ló fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ló fún un lóúnjẹ, ló ń ra á lẹ́sẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ṣóò mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ kéde, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti di 50. Àádọ́ta! Ta ló fẹ́ jó ìyẹn tán? Oorun wá kọ̀, bẹ́ẹ̀ tí ò bá sùn kò lè ṣe rìhásà, ni dókítà ẹ̀, Conrad Murray, bá ń fún un ní propofol, òru lẹ́yìn òru.

Ẹ jẹ́ n dúró síbí torí iṣẹ́ mi nìyí. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, 14 nínú ẹ̀ ní tíátà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Propofol yìí, omi funfun bíi mílíìkì ni, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń ṣe, kì í ṣe oorun ilé. Ẹni tí wọ́n bá fún lè ṣe bẹ́ẹ̀ dákẹ́ mímí, ìdí nìyẹn tẹ́ni tó fún un ò fi gbọdọ̀ kúrò lórí ẹ̀. Lọ́dún 1979, propofol ò tíì dé, òmíì là ń lò, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ní tíátà nìyẹn, mo yíjú pé kí n mu omi. Ìṣẹ́jú kan kọ́ o! Mátírọ̀n gbá mi lọ́wọ́, kọ́ọ̀bù fò lọ, ó ní "Wo àyà ẹ̀! Ibo lò ń wò?" Mo sunkún dé ilé lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè rí ẹni tó ń sùn kí n má wo àyà ẹ̀, ọkọ mi fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi kú.

Murray fúnra ẹ̀ sọ fáwọn ọlọ́pàá pé òun lọ ilé ìtọ̀, ìgbà tóun padà dé ọkùnrin náà ò mí mọ́. June 25 ló kú. Ọdún mẹ́rin ni kóòtù dá fún un. Fíìmù jáde lóṣù October, owó rẹpẹtẹ wọlé, ẹni tó jó o ò sí níbẹ̀.

Ẹ ń gbọ́ mi ṣá? Àbí ẹ ti fò ó kọjá? Dókítà ni wọ́n fi ra oorun fún Michael o, ẹ̀yin, ọmọ kẹ́míìsì tí ò kàwé ló ń tà á fún yín, ó wà nínú ọ̀rá tí ò lórúkọ. Lọ́dún 2018 ìjọba ní kí wọ́n má kó omi ikọ́ tó ní codeine wọlé mọ́, ṣé ẹ wá yé wá nǹkan míì ni? Ọmọ yìí kọ ọ́ sórí státọ́ọ̀sì ẹ̀ pé kò sóorun fẹ́ni tó ń wá owó. Kí ló dé? Ta ló ń lé yín? Tí ọ̀gá bá ní rìhásà dìdájí, ẹ bi í pé ibo lẹ máa sùn sí. Tójú ò bá pa dé fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sọ, ẹ pè mí, kódà lóru, arúgbó kúkú kì í sùn púpọ̀. Ẹ jẹun. Àwa tá a máa ń sọ "ó dàárọ̀, ká jí ire o" lálẹ́, ẹ rò pé ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́?

Ọmọ náà ti ń hanrun báyìí, láti aago mẹ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì tó wà lórí iṣẹ́, ọmọdé ni, ní kí n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, òun á máa bá mi wò ó. Mo ní kó fún mi ní àga, kó jẹ́ n máa wo àyà ẹ̀.

Èmi ni, Màmá Nọ́ọ̀sì yín.