Àdúgbò Accron ni kí ìrìn Àjàṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń mú àlejò rìn káàkiri Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ń pọ̀ sí i, inú wa sì dùn sí i. Àmọ́ ibi tí kò yẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ààfin Honmè ni wọ́n ń kó èèyàn jọ sí, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ wọn a sì jẹ́ pé Pọtogí ló dá ìlú yìí sílẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni oníṣòwò Pọtogí kan sọ ibí ní Porto-Novo. Ìlú ti wà kó tó dé: àwọn èèyàn Tè-Agbanlin, ọmọ ọba tó ṣí wá láti Allada, ti ń pè é ní Hogbonu. Kí àwọn yẹn náà tó dé ni Yorùbá ti ń gbé ibẹ̀. Ìtàn Accron ni pé àwọn ọdẹ Yorùbá rí abàmì olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú ọ̀gán, ojúbọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Abessan sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró síbẹ̀ ni ìdí tí ìlú kan fi ní orúkọ mẹ́ta yóò yé. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá lọ sí Honmè, kí wọ́n sọ ti Ọba Toffa tó jẹ láti 1874 títí di 1908.

Mọ́ṣáláṣí ńlá ẹ̀gbẹ́ ọjà ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. A máa ń gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀, pé àwọn mùsùlùmí gbà á ni. Irọ́ ni. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó mú un jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ní Brazil, ni pé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá, ló mú iṣẹ́ ọwọ́ yẹn bọ̀, mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Kí afinimọ̀nà dárúkọ ọ̀tẹ̀ àwọn mùsùlùmí ẹrú ní Bahia ní 1835, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn padà sí etí òkun wa.

Ẹ jẹ́ kí àlejò wo ara ògiri ilé àwọn Àgùdà náà. Amọ̀ ni. Amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, oòrùn a sì fà á jáde. Bí onílé bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó máa ń kọ́kọ́ hàn bí àbàwọ́n dúdú níwọ̀n orúnkún; sìmẹ́ǹtì á wú, á sì ṣí lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Amọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi tún un rẹ́. Ẹni tó bá gun sẹ́míjàn (ọ̀kadà) kọjá kò lè rí èyí. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń fi í hanni.

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni kí wọ́n gbéra, kí oòrùn tó mú. Ibi márùn-ún láàárín wákàtí méjì ààbọ̀ tó. Kí èèyàn má ju 12 lọ, torí ọ̀nà kọ̀rọ̀ há, ẹni tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ nǹkan kan. Láti April sí July, bàtà tí kì í yọ̀ ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n kúrò nítòsí mọ́ṣáláṣí kí ọ̀sán tó pọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má wọ agbo ilé láìkí baálé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni kí afinimọ̀nà ti lọ bá àwọn àgbà àdúgbò, kó bi wọ́n bóyá Orò ń jáde, torí obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Kó béèrè ibi tí wọn kò ti fẹ́ fọ́tò pẹ̀lú, kó sì ti bá onílé sọ iye owó kí àlejò tó dé. Àríyànjiyàn owó lójú àlejò ló ti mú kí ilẹ̀kùn púpọ̀ tì.

Àwa afinimọ̀nà díẹ̀,
Àjàṣẹ́.