Ìkéde: Ẹ Yẹ Sáílẹ́ńsà Ìbọn Yín Wò Kí Ẹ Tó Yìn Ín

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ wa ní Texas, ẹ kú ìmúra. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin ìbọn tó ní sáílẹ́ńsà (ohun tí a ń dè mọ́ ẹnu ìbọn láti dín ariwo rẹ̀ kù) ní pápá wa láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá ìdíwọ̀n, irin gígùn tó tọ́, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́ sí ihò ìbọn. Ojú lásán kò tó o, àlàfo inú rẹ̀ kéré gan-an.

Ẹ kó ọta kúrò, ẹ yọ bóòtù (irin tó ń ti ẹ̀yìn ìbọn pa), kí ẹ rí i dájú pé inú ìbọn ṣófo. Ẹ wá ti ọ̀pá ìdíwọ̀n gba ẹnu sáílẹ́ńsà wọ inú ọ̀pá ìbọn. Àárín gbùngbùn ihò ló gbọ́dọ̀ wà. Bó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má yìn ín rárá: ọta lè gbá inú sáílẹ́ńsà, kí ó fọ́ ọ, kí ó sì yà bàrá.

Lọ́pọ̀ ìgbà, èérí ẹ̀tù ló há sí ibi tí sáílẹ́ńsà àti ìbọn ti pàdé. Ẹ nù ún. Wáṣà tó máa ń rún (òrùka irin tó máa ń tẹ̀ bí a bá fún un mọ́ ibẹ̀) ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò ó, kì í rún dọ́gba. Bí kò bá tún tọ́, alágbẹ̀dẹ ìbọn ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ẹ má fi fáìlì ha á fúnra yín.

Ọ̀pá ìdíwọ̀n ti ìbọn oníwọ̀n ọta .223 àti .308 wà lọ́wọ́ olùtọ́jú pápá.